Ajá méjì ń hanrun nílé mi: èwo ni kí n kọ́kọ́ gbé lọ sọ́dọ̀ dókítà?

Ìyá Tanímọ̀la (Parakin, Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń sin ajá, mo kí yín o, ẹ kú ojú ọyẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí. Ajá méjì ni mo ń sìn, àwọn méjèèjì ló sì ń hanrun. Èyí tó kéré jẹ́ ajá òyìnbó onírun gígùn tí wọ́n ń pè ní Lhasa, tí ọmọ mi obìnrin mú wálé nígbà tó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Imú rẹ̀ kúrú, láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọwọ́ ló ti ń hanrun, ó sì ti sanra gan-an nítorí pé kò sí ẹni tó ń jẹun nílé wa tí kì í ju òkèlè sí i. Èkejì, Tanímọ̀la, jẹ́ ajá ìbílẹ̀ tiwa, imú rẹ̀ gùn, ara rẹ̀ gbẹ, ó sì ti pé ọmọ ọdún 9. Kò hanrun rí láyé rẹ̀. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ni mo ti ń gbọ́ ọ lóru lábẹ́ fèrèsé mi, tí èémí rẹ̀ ń dún bí ẹni pé nǹkan há sí i nímú.

Aládùúgbò mi kan sọ pé ajá tó bá ń hanrun, oorun ló dùn mọ́ ọn, kí n fi wọ́n sílẹ̀. Ọmọ mi ní tirẹ̀ sọ pé èyí tó kéré ni kí n máa bẹ̀rù fún, nítorí ariwo tirẹ̀ ló pọ̀ jù, ẹni tó bá wà ní yàrá kejì pàápàá ń gbọ́ ọ. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ọ̀nà tí a fi ń mọ híhanrun tí kò ní wàhálà nínú yàtọ̀ sí èyí tí àìsàn fà. Mo sì tún fẹ́ kí ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí ajá tí mo máa kọ́kọ́ gbé lọ, nítorí pé owó tó wà lọ́wọ́ mi lóṣù yìí kò ju ti ẹyọ ajá kan lọ. Tanímọ̀la ṣì ń jẹun dáadáa, ṣùgbọ́n ó ti ń fi egungun sílẹ̀, ohun tí kì í ṣe tẹ́lẹ̀.

Dókítà Ẹran (Iléṣà)

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, Mà. Iṣẹ́ ìtọ́jú ẹranko ni mo ń ṣe níhìn-ín ní Iléṣà. Bí ó bá jẹ́ pé ẹyọ kan ni ẹ lè gbé lóṣù yìí, Tanímọ̀la ni kí ẹ gbé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Afẹ́fẹ́ tí ajá ń mí máa ń gba ihò imú wọlé, á gba ẹ̀yìn àjà ẹnu kọjá sí ọ̀fun, kí ó tó dé ẹ̀dọ̀fóóró. Bí ajá bá sùn, àwọn iṣan ọ̀fun rẹ̀ máa ń dẹ̀. Bí ibì kan bá wà lójú ọ̀nà yìí tó há, yálà nítorí bí a ṣe dá a, tàbí nítorí ọ̀rá, tàbí nítorí pé ibẹ̀ wú, tàbí nítorí pé ohun kan wọ ibẹ̀ tí kò jáde, afẹ́fẹ́ á máa fi agbára kọjá níbẹ̀, ẹran rírọ̀ tó wà níbẹ̀ á sì máa gbọ̀n. Ariwo gbígbọ̀n yẹn ni à ń pè ní híhanrun. Bí ariwo náà ṣe pọ̀ tó kò sọ ohun púpọ̀ fún wa. Ohun tí àwa máa ń kọ́kọ́ béèrè ni ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, bóyá ó ń le sí i, àti bí ajá náà ṣe ń mí nígbà tí ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Ajá onímú gígùn tí kò hanrun rí, tó wá ṣàdéédé bẹ̀rẹ̀ nígbà tó ti dàgbà, nǹkan tuntun ti dé sí ọ̀nà èémí rẹ̀ nìyẹn, a sì gbọ́dọ̀ mọ ohun náà.

Lóòótọ́, ọyẹ́ lè fà á. Eruku ọyẹ́, èéfín igi ìdáná, èéfín jẹnẹrétọ̀ àti ti ohun tí à ń sun láti fi lé ẹ̀fọn máa ń mú kí inú imú ajá wú, kí ikun sì máa jáde. Ṣùgbọ́n èyí tí eruku tàbí èéfín fà sábà máa ń kan ihò imú méjèèjì, ikun rẹ̀ a máa mọ́ bí omi, ó sì máa ń rọlẹ̀ bí a bá mú ajá kúrò níbi èéfín. Bí ó bá jẹ́ ihò imú kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ wà, pàápàá bí ikun rẹ̀ bá ki, tí ó ń rùn tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀, ìyẹn ló máa ń kọ mí lóminú.

Ẹ lè yẹ èyí wò fúnra yín. Ẹ mú òwú díẹ̀, kí ẹ tú u títí yóò fi fúyẹ́ bí irun ìyẹ́ adìyẹ, kí ẹ sì gbé e síwájú ihò imú ọ̀tún, lẹ́yìn náà kí ẹ gbé e síwájú ti òsì, nígbà tí Tanímọ̀la bá dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ tí ẹnu rẹ̀ wà ní pípadé. Èémí gbọ́dọ̀ mi òwú náà ní ìhà méjèèjì. Ẹ tún lè gbé dígí kékeré tó tutù síwájú imú rẹ̀: ó yẹ kí èémí rẹ̀ ṣú sójú dígí náà ní ibi méjì, kí méjèèjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi bákan náà. Bí ẹ̀gbẹ́ kan kò bá ṣú rárá, ihò náà ti dí.

Ohun tó lè dí i pọ̀. Ẹyọ koríko tàbí èérún egungun lè wọ ibẹ̀. Kókó lè hù sínú imú ajá tó ti dàgbà, òmíràn nínú rẹ̀ a sì máa jẹ́ jẹjẹrẹ, èyí tí ó fi dára kí a tètè wò ó. Eyín náà sì wà níbẹ̀. Eyín ńlá òkè tí ajá fi ń fọ́ egungun ní gbòǹgbò tó wọlé jìn, ó sún mọ́ abẹ́ ojú àti ihò imú. Bí gbòǹgbò náà bá kó ọyún, abẹ́ ojú lè wú, ọyún náà sì lè rí ọ̀nà gba imú jáde. Ẹ sọ pé Tanímọ̀la ti ń fi egungun sílẹ̀. Mo tún ọ̀rọ̀ yẹn kà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé ètè òkè rẹ̀ sókè ní ìhà méjèèjì, kí ẹ sì wo eyín náà bóyá ó ti kán, tàbí bóyá erìgì ibẹ̀ ti pọ́n ju ti ibòmíràn lọ.

Bí imú ajá bá ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ó di ọ̀la. Kòkòrò àrùn kan wà tí eégbọn ajá ń gbé kiri, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní Ehrlichia. Ó máa ń dín ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì kù nínú ara, títí imú ajá á fi máa ṣẹ̀jẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lù ú. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni a fi ń mọ̀ ọ́n, oògùn rẹ̀ sì wà.

Ẹ tún bá mi ka èémí rẹ̀ nígbà tó bá ti sùn wọra. Bí àyà bá gòkè tí ó sì sọ̀ kalẹ̀, ẹyọ kan nìyẹn. Ẹ kà á fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kí ẹ sì sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Ajá tó ń sùn, tí ara rẹ̀ balẹ̀, tí ooru kò sì mú un, kì í sábà mí ju ìgbà 30 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá ń kọjá bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo tí ẹ bá kà á, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti imú, ọkàn tàbí ẹ̀dọ̀fóóró ni a máa yẹ̀ wò, títí kan aràn ọkàn tí ẹ̀fọn máa ń gbé wọ inú ẹ̀jẹ̀ ajá.

Ajá mìíràn sì wà tí ohùn gbígbó rẹ̀ máa ń yí padà, tí yóò dà bí ẹni pé ohùn há a, tí ó sì ń pariwo bí ó bá ń fa èémí sínú nígbà tó bá ń rìn. A sábà máa ń rí i lára àwọn ajá ńlá tó ti dàgbà, bíi Labrador, nítorí pé ẹ̀yà gògóńgò tó yẹ kó máa ṣí fún afẹ́fẹ́ kò ṣí mọ́. Ó yẹ kí dókítà rí ìyẹn pẹ̀lú.

Àwọn àmì kan wà tí kò gba kí ilẹ̀ mọ́: bí erìgì àti ahọ́n ajá bá kúrò ní pupa rẹ́súrẹ́sú, tí àwọ̀ rẹ̀ ń lọ sí ti aró tàbí ti eérú, bí ó bá ṣubú lulẹ̀, tàbí bí ó bá na ọrùn rẹ̀ síwájú, tí ó ya ìgbọ̀nwọ́ kúrò lára ìhà, tí ó kọ̀ láti dùbúlẹ̀ nítorí pé bí ó bá dùbúlẹ̀ kò ní lè mí. Ajá tó bá ń ṣe báyìí, òru náà ni kí ẹ gbé e jáde.

Ọdẹ Ìrémọ (Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ kú ìjókòó o. Ajá ọdẹ ni mo ti ń sìn láti ìgbà tí baba mi ṣì ń mú mi lọ sí ìgbẹ́, mo sì ti gbọ́ híhanrun ajá tó pọ̀. Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ dókítà nípa ihò imú kan, nítorí pé ẹ̀ẹ̀mọ́ ni ọ̀tá imú ajá ọdẹ. Ajá tó ń fi imú tú ilẹ̀ kiri nínú koríko gbígbẹ lákòókò ọyẹ́ yìí, tí ẹ̀ẹ̀mọ́ bá wọ̀ ọ́ nímú, lójú ẹsẹ̀ ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sín, á sín títí orí rẹ̀ á fi máa gbá ilẹ̀, á sì máa fi ẹsẹ̀ iwájú họ imú ní ẹ̀gbẹ́ tí ó ti ń dùn ún. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, sísín náà á rọlẹ̀, olówó rẹ̀ á rò pé ó ti jáde, nígbà náà gan-an ni híhanrun á sì bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, kí ìyá wa rántí bóyá Tanímọ̀la sín púpọ̀ kí èyí tó bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí èmi kò ti bá dókítà lọ ni pé kì í ṣe gbogbo ajá àgbà tó bá ń hanrun ló ń ṣàìsàn. Bí àgbà ṣe ń hanrun ni ajá àgbà náà ń hanrun, ẹlòmíràn kàn fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn ni. Ohun tí àwọn baba wa sì máa ń ṣe fún èyí tí nǹkan há sí nímú ni pé wọ́n á gbé orí rẹ̀ sókè, wọ́n á kán epo pupa sí i nímú kí ohun náà lè yọ̀ jáde. Mo ti rí i tí ó ṣiṣẹ́.

Dókítà Ẹran (Iléṣà)

Bàbá, mo dúpẹ́ púpọ̀, ọ̀rọ̀ sísín tí ẹ sọ yẹn, bí ó ṣe máa ń rí gan-an nìyẹn: sísín líle lákọ̀ọ́kọ́, kí ó rọlẹ̀, kí ihò náà tó dí. Òótọ́ sì ni pé ajá tó bá fi ẹ̀yìn sùn lè hanrun, tí yóò sì dákẹ́ bí ó bá yí sí ẹ̀gbẹ́. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn. Ti ọjọ́ orí nìkan ni mi ò gbà. Ara ajá tó dàgbà lè má yá mọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí kì í dá ihò imú dí.

Ní ti epo pupa, mo fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ yín, Bàbá, ẹ jẹ́ kí a fi í sílẹ̀. Epo tí a bá kán sí imú ajá tí a gbé orí rẹ̀ sókè kì í dúró sí imú. Bí ajá bá ti fa èémí, epo á bá a wọ ẹ̀dọ̀fóóró, kò sì rọrùn fún ẹ̀dọ̀fóóró láti lé epo jáde. Òtútù àyà tí ó máa ń fà le ju ohun tí a ń wá ìwòsàn fún lọ, ó sì lè pa ajá. Bákan náà ni ìpara tó ń ta wọ ara tí àwọn ènìyàn máa ń fi pa ajá nímú: ó máa ń jó o, ajá á sì lá a mì. Parasitamọ́ọ̀lù àti ibuprofen tí à ń lò fún orí fífọ́ tiwa lè ṣe ajá ní ìjàǹbá gidi, ẹ má ṣe fún un láìjẹ́ pé dókítà ẹranko ló sọ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá sì rí orí ẹ̀ẹ̀mọ́ tó yọ síta, ẹ lè rọra fi ọwọ́ fà á. Èyí tó bá ti wọlé, ẹ má fi ìgbálẹ̀ tàbí irin wá a kiri, nítorí ṣe ni yóò tún wọlé sí i. A máa ń fún ajá ní oògùn akunilóorun kí a tó wo ibẹ̀.

Ará Ìsọ̀kùn (Iléṣà)

Mo rí i pé gbogbo wa ti kọjú sí Tanímọ̀la, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ fún èyí tó kéré, nítorí pé ajá onímú kúrú ni èmi ń sìn, ìyẹn Bulldog. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìyàn máa ń sọ fún wa ni pé bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe dá a yẹn gan-an ni ìnira rẹ̀. Nínú ìran ajá bíi Bulldog, Pug, Pekingese àti Shih Tzu, àwọn ènìyàn ló fi yíyan èyí tí wọ́n fẹ́ mú kí egungun ojú máa kúrú láti ìran dé ìran, ṣùgbọ́n ẹran tó wà nínú rẹ̀ kò kúrú bá a. Ihò imú wọn a máa tín-ín-rín bí ojú abẹ́rẹ́ àránṣọ, ìpẹ̀kun àjà ẹnu wọn tó rọ̀ a sì máa gùn títí yóò fi bo ẹnu ọ̀nà gògóńgò. Lhasa kì í sábà burú tó Pug, síbẹ̀ ó wà nínú àwọn onímú kúrú.

Ẹ wo bí ajá ṣe ń sùn. Tèmi a máa gbé àgbọ̀n rẹ̀ lé orí bíríkì kí ó tó lè sùn, kì í gbé orí lélẹ̀. Bí bíríkì náà kò bá sí níbẹ̀, á jókòó, oorun á máa gbé e lọ lórí ìjókòó, ọrùn rẹ̀ á máa tẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á sì ta gìrì. Nígbà mìíràn híhanrun náà á dákẹ́ lójijì, àyà rẹ̀ á ṣì máa gbìyànjú láti gòkè ṣùgbọ́n èémí kò ní wọlé, lẹ́yìn náà á fi agbára gbà á bí ẹni tó yọ láti inú omi, á sì jí. Dókítà tó wò ó ṣàlàyé fún mi pé ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló burú ju ariwo lọ. Ní ọdún 1987, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Pennsylvania ní Amẹ́ríkà fi hàn pé èémí Bulldog máa ń dá dúró lójú oorun, tí ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á sì lọ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ṣe àwọn ènìyàn kan.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún tèmi: wọ́n la ihò imú rẹ̀ kí ó fẹ̀ sí i, wọ́n sì gé díẹ̀ kúrò lára ìpẹ̀kun àjà ẹnu rẹ̀. Ó ṣì ń hanrun, n kò ní parọ́ fún yín, ṣùgbọ́n ó ń sùn mọ́jú. Kì í ṣe gbogbo ajá ló nílò iṣẹ́ abẹ. Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé ọ̀rá ló ń pa wọ́n lára, nítorí ọ̀rá tó bá kó sí ọrùn á tún fún ọ̀nà tó ti há tẹ́lẹ̀. Mà, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ pa ìhà Lhasa yín. Bí ọwọ́ yín kò bá kan egungun ìhà àfi tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ wọlé, ó ti sanra jù. Ẹ dá òkèlè tí gbogbo ilé ń jù sí i dúró, ẹ máa wọn oúnjẹ rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ó máa rìn ní ìdájí àti ní ìrọ̀lẹ́. Okùn tí ẹ fi ń mú un rìn, kí ó jẹ́ èyí tó gba àyà, kì í ṣe èyí tó ń fún ọrùn.

Ooru ni mo bẹ yín kí ẹ máa ṣọ́ jù lọ, pàápàá láti Èrèlé sí Ẹrẹ́nà. Ajá kì í làágùn bíi tiwa. Mímí hẹlẹhẹlẹ ló fi ń tu ara rẹ̀, ajá onímú kúrú kò sì lè mí hẹlẹhẹlẹ dáadáa. Ara ajá a máa gbóná tó 38 sí 39 lórí ìwọ̀n Celsius; bí ó bá ti dé 41, ewu ńlá ni. Bí ẹ bá rí i tí ó ń mí tagbára-tagbára lọ́sàn-án, tí itọ́ rẹ̀ ki, tí ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ẹ da omi tútù sí i lára, ẹ fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí i bí iná kò bá sí, kí ẹ sì máa gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ìyá Tanímọ̀la (Parakin, Ilé-Ifẹ̀)

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, Olúwa yóò máa ràn yín lọ́wọ́. Mo ti ṣe ohun tí dókítà ní kí n ṣe. Èémí Tanímọ̀la lójú oorun jẹ́ 22 ní ìṣẹ́jú kan, erìgì rẹ̀ sì pupa dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé òwú síwájú ihò imú òsì, kò mì rárá. Mo gbé dígí síbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún nìkan ló ṣú. N kò rántí pé ó sín. Nígbà tí mo gbé ètè rẹ̀ sókè ní òsì, eyín ńlá òkè yẹn ti la sí méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òórùn burúkú sì ń jáde níbẹ̀. Bí mo sì ṣe fọwọ́ kan abẹ́ ojú òsì rẹ̀, ó fa orí sẹ́yìn. Ojú rẹ̀ kò tíì wú tó èyí tí ènìyàn á rí láti òkèèrè, àfi bí a bá wo ọ̀tún mọ́ òsì.

Àárọ̀ ọ̀la ni màá gbé e lọ. Kí ni kí n mú dání, ṣé kí n fún un lóúnjẹ kí a tó jáde?

Dókítà Ẹran (Iléṣà)

Ẹ ṣeun, Mà. Ohun tí ẹ rí yìí fara jọ eyín tó kó ọyún, ṣùgbọ́n dókítà tó bá fojú rí i ni yóò sọ ọ́ dájú, nítorí pé kókó inú imú náà lè mú kí ojú wú. Ẹ bá mi bi í bóyá wọ́n lè ya àwòrán egungun ojú rẹ̀. Bí ibi tí ẹ lọ kò bá ní ẹ̀rọ rẹ̀, Yunifásítì Ìbàdàn ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ fún àwọn ẹranko, wọ́n lè kọ ìwé fún yín lọ síbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ eyín ni, yíyọ ni wọ́n máa yọ ọ́. Oògùn apakòkòrò nìkan yóò mú kí ọyún rọlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, yóò sì tún padà, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ parí sí orí abẹ́rẹ́.

Ẹ pe ibẹ̀ lórí fóònù lálẹ́ yìí kí ẹ bi wọ́n nípa oúnjẹ, nítorí bí wọ́n bá máa fún un ní oògùn akunilóorun, wọ́n lè ní kí ó má jẹun láti òru. Omi kò léèwọ̀ àfi bí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ fi fóònù ya fídíò rẹ̀ lálẹ́ òní nígbà tó bá ń hanrun, kí ohùn rẹ̀ hàn ketekete, kí àyà rẹ̀ sì wà nínú àwòrán, torí pé ajá kì í hanrun níwájú dókítà. Ẹ kọ orúkọ oògùn tó bá ń lò, títí kan ti eégbọn, kí ẹ sì mú ìwé abẹ́rẹ́ dìgbòlugi rẹ̀ dání. Egungun líle, ẹ má fún un mọ́ títí tí wọ́n á fi wo eyín náà. Ẹ rọ ẹ̀kọ tàbí àmàlà pẹ̀lú ẹja fún un.

Ní ti Lhasa, ẹ máa ka èémí rẹ̀ náà lójú oorun, kí ẹ sì ṣọ́ ọ bóyá híhanrun rẹ̀ máa ń dákẹ́ bí Ará Ìsọ̀kùn ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀. Bí kò bá dákẹ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú oúnjẹ, kí ẹ sì gbé e lọ lóṣù tó ń bọ̀. Bí ó bá ń dákẹ́, ẹ má dúró dìgbà náà. Bí ẹ bá sì rí i pé ó ń sanra sí i lẹ́yìn tí ẹ ti dín oúnjẹ kù, tí irun rẹ̀ ń re, tí kò fẹ́ dìde, ẹ sọ fún dókítà kí ó yẹ tírọ́ọ̀dì rẹ̀ wò, ìyẹn ẹ̀yà kékeré inú ọrùn tó ń darí bí ara ṣe ń lo oúnjẹ.